Ká Ọwọ́ Rẹ Sẹ́yìn, Jẹ́ Kí Ìyá Dìde

Valladolid, ilẹ̀ Sípéènì,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, 1988.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àléékúmù. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí òtútù ti ń bù mí létí jẹ. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àmójútó ilé. Ṣé awọ ewúrẹ́ tí ẹ ń retí ti dé? Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń rán awọ ní ìsọ̀ yín lẹ́bàá Akẹ̀sán. Tìmùtìmù tí ẹ dì fún mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí. Òórùn ìsọ̀ yín ṣì wà lára rẹ̀, àárò yín sì ń sọ mí gan-an.

Ara mi le. Madam Carmen, ẹni tí mo bá tọ́ ọmọ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe ọ̀nà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ń ṣe mí dáadáa bí àbúrò rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tí ó torí ẹ̀ mú mi wá síbí ń jẹ́ Doña Pilar. "Doña" yẹn dà bí "Ìyá" tí àwa náà máa ń fi ṣáájú orúkọ àgbà. Màmá ni èmi ń pè wọ́n. Oníbúrẹ́dì ni wọ́n láti kékeré. Ọwọ́ tí wọ́n fi po ìyẹ̀fun títí tí wọ́n fi kọ́ ilé alájà méjì, òun gan-an ni ẹ̀gbà mú lọ́dún tó kọjá. Apá ọ̀tún wọn rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà sì ń wọ́lẹ̀.

Àwọn ọmọ wọn fẹ́ gbé wọn lọ sí ilé tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó sí. Màmá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ilé tí àwọn fi búrẹ́dì kọ́ ni àwọn máa kú sí. Wọ́n wá jọ fẹnu kò pé kí dókítà wá wò wọ́n ní òpin oṣù keje. Bí Màmá bá lè dìde, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n wọṣọ láìsí ẹni tó bá wọn ṣe é, wọ́n á máa gbé ilé wọn lọ, èmi náà á sì máa bá wọn gbé. Bí wọn ò bá lè ṣe é, wọ́n á ti ilé náà pa, iṣẹ́ mi á tán, ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí náà á sì tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ èdè wọn fún yín, kí ẹ lè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, nítorí náà mo ń lọ kọ́ èdè Sípéènì lọ́sàn-án ní ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ fi èdè wọn kí Màmá, mo wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá ogunlọ́gọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀, torí ẹ ti kọ́ mi pé a kì í pe àgbà ní "ìwọ". Màmá yíjú wẹ̀yìn, wọ́n ń wá àwọn yòókù. Nígbà tí mo wá kúnlẹ̀, wọ́n rò pé mo ṣubú ni, wọ́n figbe ta.

Èyí tó le jù ni irú ọ̀rọ̀ kan tó máa ń yí padà sára ẹni tó ṣe nǹkan. Àwa á ní a dìde, a wẹ̀, a jókòó, ó parí. Àwọn á ní àwọn gbé ara àwọn dìde, àwọn wẹ ara àwọn, àwọn gbé ara àwọn jókòó. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kékeré kan tí wọ́n fi ń ṣáájú: me levanto, mo dìde. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi ni mò ń bá wí, me á di te. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn tàbí àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún, á di se. Mo máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Tíṣà wa ní bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó dà bí ẹni pé mo gbé nǹkan sókè, tí n kò sì sọ ohun tí mo gbé.

Ohun kan ṣì kù. Madam Carmen ní n kò gbọdọ̀ bá Màmá ṣe ohunkóhun tí wọ́n bá lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe, bó ti wù kó pẹ́ tó. Kí n dúró, kí n máa wò wọ́n. Bàbá, ojú ń tì mí. Ìyá arúgbó á máa bá ìbọ̀sẹ̀ jìjàkadì, èmi ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pé á dúró bí òpó. Kí lẹ rí sí i?

Èmi ni ọmọ yín tí kì í gbàgbé yín,
Marufat Àníkẹ́.


Ìsọ̀ Awọ, ẹ̀bá Ọjà Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́,
Ogúnjọ́, oṣù kẹta, 1988.

Àníkẹ́ ọmọ mi,

Wà àléékúmù sàlámù. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, a sì dúpẹ́ pé òtútù ò tíì gé etí rẹ tán. Mo kà á sókè ní ìsọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá yẹn ti ń wá àwọn èèyàn yòókù lẹ́yìn ara rẹ̀, Múrítàlá alájọṣe mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ó ní kí n sọ fún ọ pé gbèsè ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn rẹ.

Àwọn èèyàn tí o lọ bá yìí mà fẹ́ràn ara wọn o! Wọn ò lè jókòó lásán kí wọ́n má dárúkọ ara wọn sí i. Ṣùgbọ́n má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí èdè Lárúbáwá tí a ń fi ṣe ìrun ní àwọn tirẹ̀ tó le ju ìyẹn lọ, a sì kọ́ ọ. Ohun tí mo rí ni pé ojú lo fi ń kà á. Ṣé bí o ṣe ka wàláà rẹ nìyẹn ní ilé kéwú? Ẹnu ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọ orí. Mú ẹyọ kan lójúmọ́, kà á sókè, mi ara síwájú, mi ara sẹ́yìn, títí yóò fi máa jáde lẹ́nu rẹ nígbà tí o ò tilẹ̀ ronú kàn án. N kò ní purọ́, orí mi ń wú. Gbogbo agbo ilé wa, kò sí ẹni tó tíì kọjá òkun rí, áńbọ̀sìbọ́sí pé kó gbọ́ èdè ẹni tó bá lọ́hùn-ún. Mo ti sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí, mo sì tún máa sọ ọ́.

Àmọ́ ibi tí o parí lẹ́tà rẹ sí ò dùn mọ́ mi nínú. O ń bi mí pé kí ni mo rí sí i. Ṣé ó yẹ kí o béèrè? Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Bí ọwọ́ ìyá bá rọ, ọwọ́ ọmọ ló kàn. Bí wọ́n bá jí, gbé wọn dìde. Wẹ̀ wọ́n, wọ̀ wọ́n láṣọ, ya irun wọn, fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu bí ó bá gba bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ, ìbáà ṣe òyìnbó, pé ọmọ Israfil ń ṣe ìran wò níbi tí àgbàlagbà ti ń jìyà. Dókítà tó bá rí i pé ìyá mọ́ tónítóní, inú rẹ̀ á dùn. Bí Madam Carmen bá ń kùn, sọ fún un pé bàbá rẹ ló wí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ ni mo pa yìí o, kì í ṣe ìmọ̀ràn.

Ààwẹ̀ ti sún mọ́lé. Má gbàgbé sààrì, má sì jẹ́ kí òtútù mú ọ fi ìrun àárọ̀ sílẹ̀.

Bàbá rẹ,
Israfil Àlàmú.


Valladolid,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin, 1988.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìmúra ààwẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí a rí òpin rẹ̀ láyọ̀. Mo gba lẹ́tà yín, mo fi kan orí, mo sì ṣe gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà wàláà tí ẹ ní kí n gbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í so èso. Mo jókòó sórí tìmùtìmù, mo ń mira bí ọmọ kéwú, mo ń ké me levanto, te levantas, se levanta. Ṣé ẹ mọ̀ pé Màmá gbọ́ ọ láti yàrá wọn? Wọ́n fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, wọ́n sì ń gbè mí lẹ́sẹ̀! Ohùn wọn dùn bí ohùn ẹni tó ti pe ọjà rí. Ní ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Màmá kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláìsàn lásán. Ọkọ wọn kú nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré, wọ́n sì ń fi òwúrọ̀ kùtù dáná búrẹ́dì, wọ́n ń gbé e kiri ojú òjò dídì. Gbogbo àdúgbò ló ń bọ̀wọ̀ fún wọn.

Ṣùgbọ́n, Bàbá, nǹkan ò lọ dáadáa lápá kejì. Mo ń gbé wọn dìde, mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń wọ̀ wọ́n láṣọ kí wọ́n tó la ojú tán. Ní kíláàsì, Tíṣà ní kí olúkúlùkù ròyìn bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ nílé tó ń gbé. Mo dìde, mo ní mo gbé wọn dìde, mo wẹ̀ wọ́n, mo ya irun wọn, mo wọ̀ wọ́n láṣọ. N kò ṣi ọ̀rọ̀ kankan sọ. Inú mi ń dùn, mo ń retí kí ó yìn mí. Tíṣà wò mí, ó ní, "Ó dára. Màmá fúnra wọn ńkọ́, kí ni wọ́n ń ṣe?"

Ọwọ́ Màmá tó ti ń là díẹ̀díẹ̀ nígbà tí mo dé ti ń ká jọ padà. Lánàá, nígbà tí mo fẹ́ ya irun wọn, wọ́n gba kóòmù, wọ́n jù ú mọ́ ògiri. Madam Carmen bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó ní bí mo bá ń ṣe báyìí lọ, dókítà ò ní nílò kó dé oṣù keje kó tó mọ ohun tó máa kọ. Mo sọ fún un pé àṣẹ bàbá mi ni. Ó wá ní kí n kọ̀wé sí yín.

Ìdí lẹ́tà yìí nìyẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà rò. N kò lè ré àṣẹ yín kọjá, n kò sì fẹ́ kí wọ́n torí mi gbé Màmá kúrò nílé wọn.

Marufat yín.


Valladolid,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 1988.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ọdún á yabo. Èmi nìkan ni mo kírun ọdún nínú yàrá mi, mo sì fojú inú rí yín nínú agbádá aláwọ̀ ewé yín.

N kò rí lẹ́tà yín. Láràárọ̀ ni mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àpótí lẹ́tà, ẹni tó ń pín lẹ́tà ti mọ̀ mí, ó máa ń mirí láti òkèèrè kí n má baà wá. Ṣé inú bí yín sí mi ni? Bí mo bá sọ̀rọ̀ kọjá àyè mi, ẹ bá mi wí, ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́. Àbí ara yín ò yá? Ẹ tilẹ̀ ní kí Múrítàlá kọ ìlà kan sí mi.

Ní Jímọ̀ọ̀ tó kọjá mo bá Màmá nídìí omi. Wọ́n ti dá dé ibẹ̀ láìpè mí, wọ́n fi ògiri tì. Wọ́n fẹ́ bọ́jú. Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ tó rọ yẹn tọ̀ ọ́ kiri inú abọ́ omi, wọn ò bínú, wọn ò sì kánjú. Mo dúró, mo ń wò wọ́n, mo ní nínú ara mi pé irú obìnrin wo lèyí! Àmọ́ àṣẹ yín dún létí mi. Mo gba ọṣẹ, mo bọ́ wọn lójú. Wọn ò bá mi jà. Omi kàn ń jáde lójú wọn, ó ń bá omi tí mo fi ń bọ́ wọn lójú lọ. Èmi náà sunkún, ṣùgbọ́n n kò dáwọ́ dúró, torí pé ẹ ò tíì ní kí n dáwọ́ dúró.

Oṣù méjì péré ló kù kí dókítà dé. Ẹ dákun, Bàbá.

Ọmọ yín,
Marufat.


Ilé Olóògbé Josiah, ẹ̀yìn Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà, 1988.

Àníkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ. Inú ò bí mi, ara mi sì le. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà láti ìdajì ààwẹ̀, àná ni Múrítàlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lẹ́tà rẹ ti oṣù kẹrin wá láti ìsọ̀. Ẹ̀gbà kọ lu Ìyá Àmọ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Wàá rántí wọn, àwọn ni wọ́n fẹ́ Josiah onígbàgbọ́ tí wọ́n sì ń ta obì fún àwọn Gàḿbàrí ní Sábó. Hausa tí wọ́n ń sọ, àwọn Gàḿbàrí a máa bi wọ́n pé apá ibo ní Kánò ni wọ́n ti wá. Kò sì sí ẹni tó kọ́ wọn. Wọ́n kàn ń la ẹnu ni, wọ́n ń ṣì í sọ, wọ́n ń bá àwọn tó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín, títí ó fi di pé kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín mọ́. Rántí èyí nígbà tí me tàbí te bá ń há ọ lẹ́nu.

Apá kan ara wọn ò ṣiṣẹ́, ahọ́n wọn sì wúwo. Dorcas ọmọ wọn ń tọ́jú wọn bí ẹyin. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fi ṣíbí bọ́ wọn, ó tilẹ̀ ń bá wọn lé eṣinṣin. Mo yìn ín, mo súre fún un, mo ní irú ọmọ tó yẹ ká bí nìyí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Dorcas lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá ku èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo bu omi, mo gbé ife sí wọn lẹ́nu. Wọ́n pa ẹnu dé pinpin. Omi dà sí wọn láyà. Mo tún gbé e, wọ́n tún yíjú. Inú bí mi, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo tún ṣe?" Wọ́n wò mí lójú kòrókòró. Wọ́n fi ahọ́n wíwúwo yẹn sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Àlàmú, ṣé mo ti kú ni?"

Mo gbé ife náà kalẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ tó dára fà á, wọ́n wá fi èyí tó rọ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdajì rẹ̀ dà sílẹ̀. Ó pẹ́, Àníkẹ́, ó pẹ́ débi pé ọwọ́ mi ń jó mi. Wọ́n mu ẹnu kan péré. Wọ́n wá wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n bá ti nà mí tán. Mo jáde sí ìta, mo sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó ka lẹ́tà rẹ, tí mo kà nípa kóòmù tí ìyá yẹn jù mọ́ ògiri.

Àgbà kì í kúnlẹ̀ bẹ ọmọ, n kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ. Ṣùgbọ́n mo yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ká ọwọ́ rẹ sẹ́yìn, jẹ́ kí ìyá dìde. Bí ó bá pẹ́, kó pẹ́. Bí ó bá ń dùn ọ́, jẹ́ kó dùn ọ́. Ọ̀wọ̀ náà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ ní ọ̀run pé ta ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀, dárúkọ mi.

Mo ti sọ fún Dorcas náà. Kò gbà. Ó ní mo ti ń darúgbó.

Bàbá rẹ.


Valladolid,
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù keje, 1988.

Bàbá mi, olùfẹ́ mi,

Ẹ kú ọdún Iléyá. Kí Ọlọ́run wo Ìyá Àmọ̀kẹ́ sàn, kó fún Dorcas ní sùúrù. Nígbà tí lẹ́tà yín dé, orí àtẹ̀gùn ni mo ti kà á, mo sì jókòó síbẹ̀ títí ẹnu-ọ̀nà ẹnìkan fi ṣí tí wọ́n bi mí bóyá mo ṣèṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ yàrá Màmá, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ń dúró dè mí kí n wá gbé wọn. Mo ní, "Se levanta." Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọwọ́ mi, ẹ̀rín wá gba ojú wọn. Wọ́n dáhùn pé, "Me levanto." Kí wọ́n tó dìde tán, oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé. Láti ìgbà náà, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èmi á sọ ọ́, wọ́n á sọ ọ́ padà, wọ́n á sì ṣe é. Ní báyìí, bí mo bá ní mo fẹ́ sọ pé mo wẹ̀, apá Màmá ni mo ń rí tó ń wá ọṣẹ, me ò sì ṣubú lẹ́nu mi mọ́. Ìgbà mìíràn Màmá á yí i mọ́ mi lórí, wọ́n á ní kí n jókòó, kí n wọ bàtà mi, kí n ya irun mi. Wọ́n ní irun mi le ju ti àwọn lọ.

N kò ní tàn yín, ó nira. Nígbà mìíràn mo máa ń jókòó lé ọwọ́ mi lórí. Wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀kan, Madam Carmen sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fòpin sí gbogbo rẹ̀. Màmá ni wọ́n gbá tábìlì, wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ ṣubú kó lọ sùn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ ni dókítà dé. Gbogbo àwọn ọmọ wọn ló wá, wọ́n dúró ká yàrá bí ẹni tó wá gbọ́ ìdájọ́. Màmá dìde. Wọ́n bọ́jú, wọ́n ya irun. Wọ́n wọ síkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wá mú búláòsì oníbọ́tìnnì, èyí tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ kú, torí gbogbo oṣù yẹn èyí tí kò ní bọ́tìnnì la fi ń kọ́ ọ. Wọ́n de bọ́tìnnì títí dé òkè, a sì rí i pé wọ́n ti ṣi ti ìsàlẹ̀ dè, ọrùn búláòsì wá wọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe èèyàn burúkú, ó na ọwọ́ kó bá wọn tún un ṣe.

Bàbá, n kò mọ ìgbà tí mo la ẹnu. Mo jágbe mọ́ ọn, "¡Déjela! ¡Se viste ella!" Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àwọn fúnra wọn ń wọ aṣọ wọn! Èmi tí n kì í wo àgbà lójú! Ẹ̀rù bà mí, mo kúnlẹ̀ níwájú dókítà, gbogbo èdè Sípéènì tí mo gbọ́ fò lọ, Yorùbá ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́.

Màmá ni wọ́n sọ̀rọ̀. Wọn ò yí ojú kúrò lára búláòsì. Wọ́n ní, "Levántate, hija." Dìde, ọmọ mi. Mo dìde. Wọ́n tú gbogbo bọ́tìnnì náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Dókítà fa àga, ó jókòó. A dúró dè wọ́n. Èyí tó wà lọ́rùn ló pẹ́ jù. Nígbà tí ó wọlé, dókítà dìde, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó sì sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má yọ ìyá wọn lẹ́nu mọ́.

A ò lọ ibì kankan, Bàbá. A wà nílé.

Marufat Àníkẹ́ yín.


Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án, 1988.

Àníkẹ́, ọmọ tó jágbe mọ́ dókítà,

Mo kí ọ, mo kí ìyá oníbúrẹ́dì. Obìnrin tó ń bẹ ní ilé yẹn ju ọkùnrin mẹ́wàá lọ. Bá mi sọ fún wọn ní èdè wọn pé Israfil aránwọ Ọ̀yọ́ ń kí wọn, kí o má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ kékeré kankan sílẹ̀.

Mo mú lẹ́tà rẹ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi níṣojú Dorcas. Nígbà tí mo parí, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí sí i. Wọ́n ní, "Tún ibi tó ti jágbe yẹn kà." Mo tún un kà. Wọ́n ní kí n tún un kà. Dorcas dìde, ó wọlé lọ, n kò mọ̀ bóyá ó ń bínú ni tàbí ó ń sunkún. Nígbà tó gbé oúnjẹ jáde, ó gbé ṣíbí síwájú ìyá rẹ̀, ó sì jókòó jìnnà. Ó ń já etí gèlè rẹ̀ bí ẹni tó ń já ewébẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ mo ní mo fẹ́ máa lọ sí gáréèjì kí ọkọ̀ Ọ̀yọ́ má tán. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, bí mo ṣe ń ṣe látìgbà tí wọ́n ti ṣàìsàn. Mo ti yíjú sí ìta nígbà tí mo gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ Dorcas. Ẹ̀gbọ́n mi ti di àga mú, wọ́n ń dìde. Dorcas na ọwọ́ méjèèjì. Mo ní, "Dorcas, fi wọ́n sílẹ̀." Ó wò mí, ojú rẹ̀ kún fún omi, àmọ́ ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

Wọ́n di ògiri mú. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ tó dára, wọ́n dúró kí èyí tó rọ tẹ̀lé e. N kò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó fún ọ. Ọkọ̀ Ọ̀yọ́ lọ, mo gbọ́ ìró rẹ̀ bó ṣe ń kọjá, n kò mira. Ṣé ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀gbà ti kọ lù wọ́n, bí àlejò bá fẹ́ kúrò nínú ilé yẹn, ṣe ni wọ́n máa ń dá jáde láìsí ẹni tó sìn wọ́n, bí ẹni tó jáde nílé tí kò ní onílé?

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá rẹ,
Israfil Àlàmú.